Ènì Tí Ṣàmsúdéènì Fún Òyìnbó Dẹ́ńmáàkì

Ọ̀rẹ́ mi Ṣàmsúdéènì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní káfíńtà. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ wò yín láti orí dé ẹsẹ̀, á wá ní, "Káfíńtà ló ń ba igi jẹ́. Èmi ni mò ń bá wọn bo àṣírí." Alápólíìṣì ni. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pọ́n bíi ti ẹni tó ń ta epo, nítorí àwọ̀ pólíìṣì ti wọ̀ ọ́ lára kọjá ohun tí ọṣẹ lè bó.

Ìbàdàn ni mo ti ń kọ èyí, ní ọdún 1970. Ogun ti parí, àwọn èèyàn sì ti ń padà sí Enugu díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1966 ni èmi àti Ṣàmsú jọ kúrò níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí àwa tí a kì í ṣe ọmọ apá ibẹ̀ máa lọ sílé wa. Àwọn tí yóò kọ̀wé nípa ogun á pọ̀, wọn ò nílò èmi. Ẹni tó ń fi àkísà nu àga ni mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa kọ nǹkan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí mo bá ti rántí Enugu, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, tó gba Kàdúná sọ̀kalẹ̀ wá sí Enugu. Wọ́n ti sọ fún un pé kòtò èédú wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá lágbára kì í wá iṣẹ́ tì. Ó wo ẹnu kòtò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní òun ò lè máa sin ara òun láàyè lójoojúmọ́. Ló bá lọ kọ́ṣẹ́ pólíìṣì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Awka. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Nígbà tí èmi fi máa mọ̀ ọ́n, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò Asata, ó ti gbọ́ èdè Ìgbò débi pé ó ń fi bú àwọn káfíńtà àdúgbò, ó sì ti fẹ́ Sikirat, ọmọ Ọ̀fà bíi tirẹ̀, tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Ògbètè. Ọmọbìnrin wọn, Sàrátù, kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí mo bá ní, "Sàrátù, ṣé dáadáa lo jí?", á ní, "I dey, sah," á sì bá eré rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Àwọn káfíńtà Asata á kan tábìlì, ibi tó yẹ kí igi méjì ti pàdé, ìka ọwọ́ á gbà á kọjá. Wọn á gbé e wá fún Ṣàmsú. Ṣàmsú á po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gúlúù, á fi dí ihò, á fi sáńpépà fá a, á fi àwọ̀ pupa sí i, á wá máa fi pólíìṣì lé e, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀meje. Nígbà tó bá fi máa ṣe tán, obìnrin lè wé gèlè níwájú tábìlì náà láìwá dígí. Ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àga tí kò bá dán, àga tí kò tíì parí ni. Bí ó bá wọ ilé kan tó rí àga tí pólíìṣì rẹ̀ ti ń ṣí, á máa kí onílé tàánútàánú bí ẹni tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ènì. Ẹ gbé tábìlì wá, kí ẹ gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá yín sórí rẹ̀, ẹ ó bá a pé ó ti bá yín pólíìṣì ọ̀pá náà. Ẹ gbé àga pálọ̀ kan wá, á ní kí ẹ lọ gbé àpótí tí ìyàwó yín fi ń jókòó dáná wá kí òun fi kún un. "Ènì ni," á wí, á sì máa rẹ́rìn-ín. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Ọ̀fà. Ìyá náà ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá wọn ọjà géérégé fún èèyàn, tí kò bu ènì lé e, ó ń sọ fún oníbàárà kó má padà wá mọ́ ni. Sikirat a máa ráhùn pé ènì ọkọ òun ti pọ̀ ju ọjà lọ, ṣùgbọ́n òun náà kì í ta ọṣẹ kí ó má gé díẹ̀ lé e.

Èmi, Ajíbóyè, akọ̀wé ni mí nígbà náà ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn abúlé. Òyìnbó ará Dẹ́ńmáàkì kan tó ń jẹ́ Nielsen ni ọ̀gá wa. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kì í pariwo, kì í sì í ṣàwàdà. Independence Layout, àdúgbò àwọn ọ̀gá, ló ń gbé. Mo máa ń mú fáìlì lọ fún un nílé, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí àwọn àga rẹ̀.

Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n yí tábìlì oúnjẹ ká. Kí n sọ òótọ́, ojú àánú ni mo fi wò wọ́n. Igi wọn funfun, kò dán rárá, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, okùn tí wọ́n fi bébà lọ́ ni wọ́n sì hun sí ìjókòó wọn. Mo ní nínú ara mi pé, ọ̀gá ńlá báyìí, mọ́tò ńlá lẹ́nu ọ̀nà, àga tí wọn ò tíì kùn ló jókòó lé. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó sórí ọ̀kan lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró dè é, ẹ̀yìn mi kò fẹ́ dìde mọ́. Àga náà gbà mí mọ́ra bí ẹni pé wọ́n ti wọn ìdí mi tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1966, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ìyá òun ń bọ̀ láti Dẹ́ńmáàkì, òun ń lọ pàdé rẹ̀ ní Èkó, àwọn á sì lo ọjọ́ mẹ́wàá kí àwọn tó dé Enugu. Ó ní ṣé mo mọ ẹnìkan tó lè fi gúlúù de ẹsẹ̀ àga náà kí àwọn tó dé.

"Only the leg," ló wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní mo mọ ẹnìkan. Káfíńtà tó mọṣẹ́ tó mẹ́ta ní àdúgbò, tí mo lè pè. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹni là á kọ́kọ́ ṣe lóore, Ṣàmsú ni mo lọ bá, ó sì ní kí ni ẹsẹ̀ àga kan lójú òun.

Ọ̀gbẹ́ni Nielsen lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Sátidé, Ṣàmsú lọ gbé àga náà. Festus, ọmọ abúlé Amechi, tó ń dáná fún òyìnbó, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣàmsú dojú àga dé, ó wò ó títí. Ó wá ìṣó, kò rí. Ó wá ibi tí wọ́n ti fi lẹ́búlẹ́bú igi dí ihò, kò rí. Ibi tí apá àga ti pàdé ẹ̀yìn rẹ̀, igi méjèèjì wọ inú ara wọn bí ìgbà tí ẹni méjì bá bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó fi èékánná wá ojú oríkèé náà, èékánná kò rí ibi gbà. Ó dojú àga kejì dé. Ó dojú ẹ̀kẹta dé. Festus sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dojú wọn dé, tó sì jókòó sílẹ̀ láàrin wọn, tó ń dá sọ̀rọ̀.

"I wan carry all," ló sọ fún Festus nígbẹ̀yìn. "Make I look the other ones well well."

Festus jẹ́ kó kó wọn. Ọmọlánke ló fi kó wọn dé Asata, ó sì fi aṣọ ìbora ìyàwó rẹ̀ tẹ́ abẹ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣàmsú ò kí mi, ó kàn na ọwọ́ sí àga tó wà níwájú rẹ̀.

"Ajíbóyè, ọdún wo ni mo ti ń bo àṣírí káfíńtà? Ẹni tó ṣe eléyìí ò ní àṣírí kankan."

"Tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, kí o dá a padà."

"Ẹni tó mọṣẹ́ tó báyìí, kí wọ́n wá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò! Ó dùn mí, Ajíbóyè. Wallahi, ó dùn mí."

Mi ò fọkàn sí i. Mo mọ̀ ọ́n ní ẹni tí nǹkan máa ń dùn. Ó yẹ kí n fọkàn sí i.

Ó tún ẹsẹ̀ náà ṣe dáadáa, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ gúlúù àtijọ́ kúrò lẹ́nu oríkèé, ó fi tuntun sí i, ó gé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú táyà, ó fi dì í pinpin, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó tú u, ẹsẹ̀ náà kò mì mọ́. Ibi tó yẹ kó dúró sí nìyẹn. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ti ọmọ ọba ni Ṣàmsú fi jẹ́ tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Festus ya sí ọ́fíìsì wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, agbọ̀n ọjà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mister Ajiboye, come see wetin your brother do! I say come see am!"

Nígbà tí a dé Asata, àwọn àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò síta nínú oòrùn. Wọ́n pọ́n fòò. Wọ́n ń kọ yanranyanran débi pé mo fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ṣàmsú dúró tì wọ́n, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn bíi ti bàbá ìyàwó.

"Ènì ni," ló wí.

Festus jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Chei! Na Oga papa make am! The papa don die! Na soap the mama dey take wash am, every Saturday, since dem be small pikin. Me too, na soap. Oga say the day I put another thing for that wood, make I pack my load."

Ṣàmsú gbọ́, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé irọ́ ni.

"Ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ igi?"

"Ọṣẹ ni," ni mo wí.

"Bàbá ọ̀gá yín ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

"Bàbá náà ti kú?"

"Ó ti kú."

Ó ní, "Ìnnàlíláhì," ó sì jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní fi pamọ́. Mo sọ fún un pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Mo ní ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ní kó tún ṣe, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló kùn. Mo ní òyìnbó náà máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́, pé èmi ni mo mú un wọ ilé rẹ̀, pé ọjọ́ Ajé ni ìyá ń bọ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ro mí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ajíbóyè," ló wí, "bí wọ́n bá lé ọ, o ṣì lè rí iṣẹ́ mìíràn. Òkú ò lè ṣe àga mìíràn mọ́. Ìyá yẹn á dé, á wá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lára igi, ọwọ́ tèmi ló máa bá."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pariwo, ẹkún ara mi ni mò ń sun, òun ń ronú nípa obìnrin tí kò rí rí. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, mo bi í pé kí ni a máa ṣe.

Ó ri àkísà bọ sípíríìtì, ó fi nu ẹsẹ̀ àga kan, ó mú àfọ́kù ìgò, ó fi ha á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pólíìṣì náà ṣí kúrò bí èèpo ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú omi. Igi abẹ́ rẹ̀ funfun bó ṣe wà. Ó ha ibòmíràn, bákan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ ọgbọ̀n ọdún ti kún ojú igi náà, kò jẹ́ kí pólíìṣì rí ọ̀nà wọlé. Orí òkè lásán ló dúró sí.

"Ẹ lọ pe Sikirat wá lọ́jà!" ló kígbe. "Kó kó ọṣẹ funfun dání!"

Sikirat dé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bàbá Sàrátù, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ọṣẹ lọ́tá igi! Ọlọ́run tóbi." Ṣùgbọ́n ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Festus ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é: a ó fá ọṣẹ sínú omi gbígbóná, a ó lù ú títí á fi hó, ìfófó ọṣẹ yẹn la ó fi àkísà bù, a ó fi pa igi bí ojú rẹ̀ ṣe lọ, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó fi sáńpépà kíkúnná nù ún, a ó tún pa á. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi ni a fi ṣe é. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mò ń ha ẹ̀yìn àga.

"Akọ̀wé, ẹ rọra," ni Sikirat ń wí. "Igi ni o, kì í ṣe irùngbọ̀n."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àga márùn-ún ti funfun padà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa wọ́n, wọ́n ń yọ̀ bí awọ ara ọmọ tuntun. Ẹ̀kẹfà ló kọ̀. Èyí tí wọ́n ní kó tún ṣe gan-an ni. Nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù, òun ló kọ́kọ́ mú, ó sì ti fi sáńpépà fá a dé egungun kó tó fi àwọ̀ sí i. Ó ti fá ọṣẹ ọgbọ̀n ọdún dànù, àwọ̀ pupa ti wọ inú igi lọ. Bí a ti ń ha á tó, pupa la ń bá.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Gbé márùn-ún lọ sílé. Mo máa sọ fún wọn pé gúlúù ẹ̀kẹfà ò tíì gbẹ. Ọ̀la á bá tirẹ̀ wá."

"Mi ò fẹ́ purọ́, Ajíbóyè."

"Ìwọ kọ́ lo máa pa á. Èmi ni."

Ó gbà nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni wọ́n dé láti pápá ọkọ̀ òfúrufú. Èmi àti Festus dúró ní pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Màmá Nielsen jẹ́ obìnrin kúkúrú, irun rẹ̀ funfun, ó ń la òógùn, ó sì di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Kò wo fèrèsé, kò wo òdòdó tí Festus tò sílẹ̀. Tààrà ló lọ sídìí tábìlì, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí ọmọ. Nígbà tó dé ẹ̀karùn-ún, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sọ nǹkan ní èdè wọn. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen bi mí pé ẹ̀kẹfà dà.

Mo pa irọ́ mi bí mo ṣe tò ó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò lo ogún ìṣẹ́jú. Ìyá náà gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ túmọ̀, ó mi orí, ó sì tún gbé báàgì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen ní ìyá òun wí pé bí gúlúù bá ń gbẹ lọ́wọ́, ọkọ òun kì í fi àga sílẹ̀ lóun nìkan, kí a lọ wò ó. Festus sá wọ ilé ìdáná. Èmi ni mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, tí mò ń júwe ọ̀nà lọ sí ibi ìtìjú ara mi.

Ṣàmsú wà níta ṣọ́ọ̀bù, àga pupa náà wà níwájú rẹ̀, kò sí aṣọ lórí rẹ̀, kò sí ibi tó lè gbé e sá sí. Bí ó ti rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàrin èérún igi. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Nielsen pọ́n ju àga lọ.

"I said only the leg," ló wí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Sọ fún wọn pé ènì ni," Ṣàmsú wí láti ilẹ̀. "Sọ fún wọn pé mi ò rí irú iṣẹ́ báyìí rí láyé mi. Ó wù mí débi pé mo fẹ́ fi nǹkan tèmi lé e. Sọ fún wọn pé mo ti bó márùn-ún, èyí ni kò bó. Má fi irọ́ kankan sí i, Ajíbóyè."

Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò mọ ohun tí òyìnbó ń pe ènì, ni mo bá fi gàrí ṣàlàyé: pé bí a bá wọn gàrí tán, a máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kì í ṣe pé oníbàárà bèèrè, kì í sì í ṣe pé ó tọ́ sí i, ìfẹ́ ni. Mo ní Ṣàmsú bu ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ lé iṣẹ́ bàbá wọn. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá náà fi ọwọ́ kan apá àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ́, kò gbójú sókè. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen la ẹnu láti túmọ̀ fún mi, ó sì pa á dé.

"Ajíbóyè," Ṣàmsú wí, àyà rẹ̀ ṣì wà ní ilẹ̀, "kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò tíì sọ fún mi."

Ìyá náà tún sọ díẹ̀ sí i. Ó ń fi ìka tọ ojú oríkèé tí èékánná ò rí ibi gbà.

"Ṣé èébú ni?"

"Mo ní wọn ò tíì sọ fún mi!"

Nígbẹ̀yìn, Ọ̀gbẹ́ni Nielsen yíjú sí mi. Ó ní nígbà tí bàbá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyá òun, àga àkọ́kọ́ tó ṣe sílé wọn, pupa ló kùn ún, ó sì pólíìṣì rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìyá òun ní nǹkan tó ń dán ò ní wọ ilé òun, pé aláṣehàn ló ń lo irú ẹ̀. Bàbá ha á. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń fi ọṣẹ fọ gbogbo àga tó bá ṣe. Lọ́dọọdún ni bàbá máa ń bẹ̀ ẹ́, bí àwàdà bí òótọ́, pé kí ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún òun, kan ṣoṣo, kí òun mú un dán. Ní ọdún tó kú, orí ibùsùn ló wà tó tún bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní kó jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná.

"I did not know," Ọ̀gbẹ́ni Nielsen wí. "All my life I believed it was my father who wanted them plain."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ṣàmsú, èyí tí mo rí túmọ̀. Ó dìde lórí àyà, ó kúnlẹ̀. Ojú mi ló kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ó wo ìyá arúgbó náà, ó sì bá a sọ̀rọ̀ tààrà ní Yorùbá bí ẹni tó ń bá ìyá tirẹ̀ ní Ọ̀fà sọ̀rọ̀.

"Màmá, kò tíì parí. Mo ti ha òkè rẹ̀, ó ti ṣá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan lé e."

Ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu mi dé etí ọmọ, ó gba ẹnu ọmọ dé etí ìyá. Ìyá jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó sì fi ọwọ́ ṣe é pé kó máa bá a lọ. Ṣàmsú ri àkísà bọ pólíìṣì. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen bọ́ kóòtù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga mú fún un kó má yẹ̀. Pupa náà ń jí padà díẹ̀díẹ̀, lára apá, lára ẹ̀yìn, títí a fi ń rí ojú wa nínú rẹ̀.

Bí Ṣàmsú ti gbé àkísà kúrò ni ìyá náà dìde, ó yí padà, ó sì jókòó sórí àga náà pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Ó fara ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé apá méjèèjì lé apá àga náà.

"Màmá, kò tíì gbẹ o!" Ṣàmsú kígbe. "Ajíbóyè, sọ fún wọn, kò tíì gbẹ!"

Ọ̀gbẹ́ni Nielsen wò mí kí n túmọ̀ rẹ̀. Mò ń wo ìyá náà lórí àga dídán tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún títí ó fi kú, mi ò sì túmọ̀ rẹ̀.